Owó Bodè, Owó Páàkì

Ìpàdé àdúgbò tí a ṣe lóṣù tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà mọ́ wa lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú tó máa ń gbóná lára àwa ará Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí ni. Títì tó gba iwájú ilé wa kọjá ti di ohun tí ojú ń tì wá láti fi han àlejò. Òjò ti hó ọ̀dà orí rẹ̀, gọ́tà ti dí, lọ́rì tó ń wá kó obì sì ti tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Alága wa dìde, ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa mú 5,000 náírà wá lóṣooṣù, kí a fi máa ra òkúta, iye kan náà fún gbogbo ilé.

Kò tíì jókòó tí ìyá àgbà kan tí ilé wọn wà ní kọ̀rọ̀ fi nawọ́ sókè. "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, ta ló ní ọkọ̀ nínú ilé tèmi? Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni mọ́tò mi. Ilé tó kángun sí tèmi, ọkọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀, méjì ń sùn sójú títì. Ṣé iye kan náà ni èmi àti wọn yóò máa san?"

Ariwo bá ta. Ẹnì kan ní kí a ka ọkọ̀ dípò kí a ka ilé. Ẹlòmíràn ní bó bá di kíka ọkọ̀, kí ni a ó ṣe sí àwọn tó ń wá jọ́sìn ní Sọ́ńdè, tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà onílé títí ìsìn yóò fi parí? Lọ́rì obì ńkọ́, tí kò ní ilé lọ́dọ̀ wa ṣùgbọ́n tó ń fi odidi ọjọ́ méjì dúró kó tó kún? Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò lójú mọ́, wọ́n yíjú sí mi. Èmi ni wọ́n ń pè ní Tíṣà, nítorí pé ìtàn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. "Tíṣà, ẹ lọ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí ni kí a fi díwọ̀n owó títì. Báwo ni a ó ṣe ṣe é?"

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìtàn jẹun kò lè mú bírò kó má kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa ju bí mo ti rò lọ.

Àwa ará Rẹ́mọ kì í ṣe àjèjì sí owó ọ̀nà. Ibi tí Ọlọ́run fi wá sí ló fà á. Ẹni tó bá gbé ẹrù láti etí ọ̀sà ní Ìkòròdú, tó fẹ́ dé Ìbàdàn, àárín wa ni yóò gbà. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù ń gòkè lọ. Epo pupa àti èkùrọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Orí ènìyàn ni lọ́rì ayé ìgbà náà. Ní ẹnubodè ìlú ni oníbodè jókòó sí, tó ń gba owó ẹyọ lórí ẹrù tó ń kọjá. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹrù. Bí ẹrù bá ti tó ni owó ń tó.

Ta ló ń jẹ owó náà? Ọba jẹ níbẹ̀, àwọn ìjòyè jẹ níbẹ̀, oníbodè fúnra rẹ̀ kò sì fi ebi pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igbó bá bo ọ̀nà, kì í ṣe owó bodè ni wọ́n fi ń ṣán an. Wọ́n á ké sí àwọn ọ̀dọ́, kálukú á mú àdá, ìlú kọ̀ọ̀kan á sì ṣán tirẹ̀ dé ààlà. Owó lọ sí ààfin, àdá wà lọ́wọ́ ọmọ ìlú. Ohun tí oníbodè ń tà fún èrò ni pé kí ó kọjá láìsí ẹni tí yóò gbé e lọ. Ọjà gidi sì ni èyí lásìkò ogun, ẹ má fojú kéré e.

Àní wọ́n jagun lé e lórí. Nígbà ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ìbàdàn ń wá ìbọn àti ẹ̀tù, ọ̀nà Ẹ̀gbá sì ti dí mọ́ wọn. Ọ̀nà Rẹ́mọ ló kù. Inú bí àwọn Ẹ̀gbá sí Rẹ́mọ nítorí pé wọn kò ti ọ̀nà náà. Bí ogun ṣe ṣí wá sí ilẹ̀ wa nìyẹn: wọ́n jà ní agbègbè Ìpẹru, àwọn Ẹ̀gbá sì lọ dó ti Ìkòròdú. Oṣù kẹta ọdún 1865 ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán ọmọ ogun lọ tú wọn ká níbẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ará Ìkòròdú ló ń pa Glover. Ó fẹ́ kí ọ̀nà ọjà Èkó là ni. Nígbà tí àwọn ìlú bíi Òfin, Mákùn àti àwọn yòókù wá rí i pé ìlú kékeré kò lè dá dúró mọ́, wọ́n kó jọ sí ojú kan ní nǹkan bí 1872. Ojú kan náà là ń pè ní Ṣàgámù. Bí àwọn ọmọ kíláàsì bá bi mí pé kí ló kó Ṣàgámù jọ, mo máa ń sọ pé ogun ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ló fa ogun náà.

Èyí tó tún máa ń dùn mọ́ mi láti kọ́ wọn ni ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892. Àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú lọ bá Gómìnà Carter ní Èkó, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí ọ̀nà ṣí, kí owó bodè dópin, kí ìjọba Èkó sì máa san 500 pọ́n-ún fún Awùjalẹ̀ lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Òyìnbó mọ̀ pé owó tí ọba fi ń ṣọba nìyẹn, kò ní kó fi sílẹ̀ lásán, ó fẹ́ rà á. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà wọ́n jagun ní Ìmàgbọn, ìbọn òyìnbó borí, ọ̀nà sì ṣí tipátipá. Ní 1894 Akárìgbò náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó, Rẹ́mọ sì bọ́ sábẹ́ wọn.

Ẹ óò rò pé ọ̀nà ti di ọ̀fẹ́ nìyẹn. Rárá o. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta ló sì gbà, kò ya ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ lọ́rì ló wá dá wa padà sójú ọ̀nà. Èyí tún di wàhálà, nítorí pé ìjọba tó ni reluwé kò fẹ́ kí onílọ́rì máa gba ẹrù mọ́ òun lọ́wọ́. Kí ni wọ́n fi dè é? Owó láísẹ́ǹsì ni. Wọ́n bù ú lé àwọn onílọ́rì lórí.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí gbogbo ayé mọ̀ sí olóṣèlú, tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ sí onímọ́tò. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní 1909, ṣòwò ọkọ̀ àti òwò kòkó ní àwọn ọdún 1930 kó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìlú òyìnbó. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ Nigerian Motor Transport Union, ẹgbẹ́ náà sì dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 1937 nítorí owó tí wọ́n bù lé lọ́rì. Mo máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin tó wá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní 1954, tó gba owó-orí lọ́wọ́ wa láti fi kọ́ ilé-ìwé ọ̀fẹ́, ó ti kọ́kọ́ wà lára àwọn tó ní àwọn kò san. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Owó ilé-ìwé, a rí ilé-ìwé. Owó lọ́rì ti òyìnbó, reluwé ni wọ́n fẹ́ fi gbè.

Ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 bá èyí tan. Ìjà owó-orí ni gbogbo wa fi ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń béèrè kò mọ sí kí owó-orí dín kù. Wọ́n ń béèrè ọ̀nà abúlé tí wọn ó máa gbà gbé kòkó jáde, wọ́n sì ń bínú sí àwọn agbowó-orí tó ń fòòró wọn. Owó ń lọ, ọ̀nà kò bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó epo rọ̀bì dé, ó wá dàbí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò ní sanwó ọ̀nà mọ́ láé. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn tí gbogbo wa ń pè ní Ẹsipirẹ́ẹ̀sì. Ṣàgámù tún bọ́ sí oríta bíi ti àtijọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin ti yà. Kò pẹ́ tí a tún rí àwọn oníbodè. Tóòlù-géètì ni wọ́n ń jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Títí di òní, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn tí ẹ ní "Tóòlù-géètì ni mò ń lọ," wọn ó gbé yín débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Ọbásanjọ́ ti fòpin sí gbígba owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2004. Ohun tí wọ́n sọ nígbà náà ni pé inú owó epo mọ́tò ni owó àtúnṣe ọ̀nà yóò ti máa wá. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ti bu owó ọ̀nà lé epo mọ́tò láti 1919. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra epo ní Ìkẹ́nnẹ́, ṣé ẹ lè tọ́ka sí kòtò tí owó yín dí? Lẹ́yìn ìyẹn ìjọba gbé Ẹsipirẹ́ẹ̀sì fún ilé-iṣẹ́ Bi-Courtney ní 2009, wọ́n gbà á padà ní 2012, ní 2013 wọ́n sì ṣe ayẹyẹ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní Ṣàgámù níbí. N kò ní í fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ jẹ́ kí a yà ní Ògèrè. Ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ dídúró ọkọ̀ ti hàn jù ní gbogbo Rẹ́mọ. Awakọ̀ tírélà àti táńkà tó ti Òkè Ọya bọ̀, tàbí tó ń ti Èkó lọ, ara rẹ̀ ti wó, ó fẹ́ jẹun, ó fẹ́ sùn, ó fẹ́ lẹ táyà. Ògèrè ló ń yà sí. Ọjà ti so mọ́ wọn níbẹ̀: olóúnjẹ, mẹkáníìkì, onítáyà. Bí páàkì bá kún, tàbí bí awakọ̀ kò bá fẹ́ wọ páàkì, etí títì ni yóò gbé ọkọ̀ sí. Àwa tó ń gba ibẹ̀ kọjá ti rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ọkọ̀ kọ lu ọkọ̀ lóru, táńkà gbiná, ọ̀nà dí fún odidi ọjọ́. Ọkọ̀ tó dúró kò jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Bí olówó rẹ̀ kò bá san án, ẹni tó ń kọjá lọ ni yóò san án.

Ní ti owó tí wọ́n ń já ní gáréèjì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti di olóògbé wa bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lálẹ́, bí ẹ̀gbọ́n bá dé, wọ́n á kó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà sórí tábìlì mi bí ẹni ń fún mi níwèé láti máàkì. Pupa, àwọ̀ ewé, òféfèé, ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti ìwọ̀nba èrò tó wọlé lójú ọ̀nà. "Tíṣà, ìwọ tó mọ̀wé, bá mi wo èyí tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe nínú wọn." Mo máa ń wò ó tinútinú. N kò rí i rí. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ̀ láti sanwó o. Kò sí ọjọ́ tí wọn kò san. Ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n ni pé ẹnu géètì gáréèjì kan tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn lójoojúmọ́ ni kòtò tó ń ṣẹ́ sípíríìnì ọkọ̀ wọn wà.

Bẹ́ẹ̀, òfin kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí mo ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, mo wo àlàkalẹ̀ kẹrin níbi tí wọ́n to iṣẹ́ káńsù sí. Lábẹ́ lẹ́tà (e), ọjà àti gáréèjì ọkọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́tà (f) tó tẹ̀ lé e gan-an ni ọ̀nà, títì, iná ojú títì àti gọ́tà. Wọ́n fara kanra! Òfin ti 1998 tó to àwọn owó tí ìjọba lè gbà dárúkọ owó gáréèjì àti owó ìtanràn ọkọ̀ tó dúró síbi tí kò yẹ fún káńsù, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ọ̀nà torí àtigba owó. Ohun tí n kò rí níbì kankan ni gbólóhùn kan tó sọ pé owó (e) gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ (f).

Èyí ni àwọn kan ti gbìyànjú ní òkèèrè. Oklahoma City ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ri ẹ̀rọ owó páàkì mọ́lẹ̀ lójú títì, ní oṣù keje 1935. Sẹ́ǹtì márùn-ún fún wákàtí kan. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀, ta ni yóò fẹ́ràn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ní 1993, ní Pasadena ní California, ìjọba ìlú bá àwọn onísọ́ọ̀bù àdúgbò àtijọ́ kan dúnàádúrà: ẹ jẹ́ kí a ri ẹ̀rọ mọ́ iwájú yín, owó tó bá wọlé níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni a ó ná an sí. Kíá ni wọ́n gbà. Wọ́n fi tún ẹsẹ̀ títì ṣe, wọ́n fi gbálẹ̀, wọ́n fi tan iná. Ní Oregon tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìlú kan ń fi owó títì kún owó omi ilé. Ìlú Tigard níbẹ̀ tilẹ̀ ṣe é báyìí fún àwọn oníṣòwò: wọ́n ka iye àyè ọkọ̀ tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n sì fi ìyẹn díwọ̀n owó rẹ̀. Àyè ọkọ̀! Ohun tí ìyá àgbà ń sọ gan-an nìyẹn, láì dé Oregon rí.

Mo wá mú tọ́ọ̀ṣì, mo jáde ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ka ọkọ̀. Ajá gbó mi o! Ilé 41 ni a jẹ́. Ọkọ̀ 63 ni mo kà. 36 ń sùn nínú ọgbà, 27 ń sùn sójú títì. Ilé 14 ni kò ní ọkọ̀ rárá. Lọ́rì obì kan sì wà, tó dúró gbọnin, tó fi ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ilé kan ní kọ̀rọ̀.

Ilé ìyá àgbà ni.

Mo lọ kí wọn láàárọ̀. "Ẹ káàárọ̀ Ìyá. Lọ́rì yìí ńkọ́?" Ìyá rẹ́rìn-ín sínú. "Tíṣà, ẹ ti rí i. Àwọn olóbì ló gba sọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ń fún mi ní nǹkan díẹ̀ kí lọ́rì tó dúró. Òun ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú." N kò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ní Illinois ní Amẹ́ríkà, láàárín 1958 sí 1960, wọ́n wa ọkọ̀ lọ wa ọkọ̀ bọ̀ lórí títì tí wọ́n dìídì ṣe, títí ó fi bàjẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń bà á jẹ́. Wọ́n rí i pé bí ẹrù tí táyà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ń bá títì ń sún mọ́ ìlọ́po 16. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ nínú wa ló wá gba èyí tó wúwo jù lálejò. Bí mo bá tẹ̀ lé ìṣirò gééré, ìyá ni yóò san jù, ìyẹn kò sì lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Oníbodè ló là mí lójú. Ọwọ́ ẹni tó ni ẹrù ni òun ti ń gbowó, kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ojúlé tí ẹrù sọ̀ sí.

Ohun tí mo kọ nìyí. Ilé tí kò ní ọkọ̀, 500 náírà lóṣù, nítorí pé àlejò wọn àti ọkọ̀ omi ń gba ojú títì. Ọkọ̀ tó ń sùn nínú ọgbà, 1,000 náírà. Èyí tó ń sùn sójú títì, 2,000 náírà. Lọ́rì, 3,000 náírà fún òru kan, kí olóbì tó ni ẹrù san án, kì í ṣe awakọ̀, kì í sì í ṣe ìyá. Ṣọ́ọ̀ṣì yóò mú 20,000 náírà wá. Mo ṣírò rẹ̀: 97,000 láti ọ̀dọ̀ onílé, nǹkan bí 60,000 láti ọ̀dọ̀ olóbì bí lọ́rì bá sun ogún òru, pẹ̀lú ti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 177,000. Ti alága ì bá jẹ́ 205,000. Alága tètè rí i, ó ní, "Tíṣà, tiyín dín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí tí a lè rí gbà ni.

Mo tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹgbẹ́ onílé kì í ṣe ìjọba. Ní Àbújá, níbi tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba gan-an ni, ilé-ẹjọ́ da ètò owó páàkì nù ní 2014 nítorí pé kò ní òfin lẹ́sẹ̀. Àwa kò lè fa igi dí ọ̀nà, a kò sì lè fi ipá gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a lè ṣe ni kí a kọ orúkọ ẹni tó san àti ohun tí a fi rà sára pátákó, ní gbangba, lẹ́bàá títì náà. A kọ lẹ́tà sí káńsù pẹ̀lú, kí wọ́n mọ ohun tí a ń ṣe.

Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Onílé kan ní òun yóò gbé ọkọ̀ òun wọ ọgbà láti òní lọ, kí òun lè san 1,000 dípò 2,000. Mo ní ìyẹn gan-an náà dára, títì yóò fẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀bẹ̀ sí 15,000. Ẹni mẹ́rin kọ̀ láti san kọ́bọ̀, wọn kò tíì san án títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Owó oṣù kìn-ín-ní àti ìwọ̀nba tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ ra típà òkúta kan. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló dé. A ní kó dà á sí kọ̀rọ̀, iwájú ilé ìyá, níbi tí lọ́rì ti jẹ ilẹ̀ jù. Àwọn olóbì fúnra wọn bọ́ ẹ̀wù, wọ́n bá wa tẹ́ ẹ. Ìyá gbé àpótí jáde, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ka òkúta agbọ̀n kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá. Nígbà tó di agbọ̀n kejìlélọ́gọ́ta, wọ́n ní kí n wá bá wọn kọ iye rẹ̀ sára pátákó.